Ilẹ̀kùn tí Àjàkálẹ̀-Àrùn Fẹ́ Tì: Ìtàn Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Elédè Sípéènì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Amẹ́ríkà

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń ronú lórí ohun tí àrùn kòrónà fi sílẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pe àrùn náà ní àjàkálẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ kan náà kéde pé pàjáwìrì rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àrùn lọ kọ́ ni ọjọ́ tí gbèsè rẹ̀ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pa ìwé tì láti lọ ṣiṣẹ́ bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ kò padà sí kíláàsì nítorí pé wọ́n kéde lórí rédíò pé àrùn ti lọ.

A kò lè sọ ìtàn gbogbo ayé tán nínú ìwé kékeré yìí. Ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò, èyíinì ni àwọn ọmọ elédè Sípéènì ní Amẹ́ríkà. A fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ohun tí àjàkálẹ̀-àrùn ṣe sí wọn níbẹ̀, àti irú ìrànlọ́wọ́ tí ó ti gbà wọ́n là nígbà ìpọ́njú. Ẹni tí ó bá rò pé ọdún 2020 ni ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Irú Ènìyàn tí Wọ́n Jẹ́

Orúkọ kan ṣoṣo ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń pe gbogbo ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ elédè Sípéènì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ kò rí bákan náà. Àwọn kan kò tilẹ̀ rìn dé Amẹ́ríkà rárá. Amẹ́ríkà ni ó rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ogun tí Amẹ́ríkà bá Mẹ́síkò jà, ìwé àdéhùn ọdún 1848 fi California àti ilẹ̀ púpọ̀ mìíràn lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sì di ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn lórí ilẹ̀ baba wọn. Púẹ́rtò Ríkò bọ́ sábẹ́ Amẹ́ríkà ní ọdún 1898, òfin ọdún 1917 sì sọ àwọn ará ibẹ̀ di ọmọ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ará Kúbà rọ́ wọ Florida lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959. Láàárín àwọn ará Kúbà wọ̀nyí ni a ti ń rí àwọn tí a ń pè ní Lùkùmí, àwọn tí ń fi èdè Sípéènì ná ọjà, tí wọ́n sì ń fi èdè àwọn baba ńlá wa kọrin òrìṣà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa tó bí ènìyàn ṣe lè rò.

Bí Ilẹ̀kùn Ṣe Ṣí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọmọ elédè Sípéènì tí ó fẹ́ dé yunifásítì ní òkè púpọ̀ láti gùn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Texas àti California, ilé-ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ Mẹ́síkò, wọn a sì máa fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé. Àwọn àgbà wa tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé nígbà tí wọ́n ń pe èdè Yorùbá ní fanákúlà, tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá là á lẹ́nu, mọ bí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọni lára. Ọmọ tí a bá kọ́ pé ìtìjú ni èdè ilé rẹ̀, kò pẹ́ tí yóò fi rò pé ilé-ìwé kì í ṣe ibi tirẹ̀.

Àwọn òbí ni ó kọ́kọ́ ta ko èyí. Ní Westminster ní California, Gonzalo Mendez, tí í ṣe ọmọ Mẹ́síkò, àti ìyàwó rẹ̀ Felicitas, tí a bí ní Púẹ́rtò Ríkò, ń dáko. Nígbà tí ilé-ìwé àwọn ọmọ òyìnbó kọ̀ láti gba àwọn ọmọ wọn, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìdílé mẹ́rin mìíràn, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Adájọ́ dá wọn láre ní ọdún 1946, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní ọdún 1947. Ọdún méje ni èyí fi ṣáájú ìdájọ́ ńlá ti ọdún 1954 tí ó sọ pé kò tọ́ láti ya àwọn ọmọ dúdú àti funfun sọ́tọ̀ ní ilé-ìwé ìjọba.

Àwọn tí ó ti ojú ogun dé tẹ̀ lé wọn. Òfin ọdún 1944 ti ṣèlérí owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ìlérí ọ̀tọ̀, ìmúṣẹ ọ̀tọ̀. Dókítà Hector Garcia dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Corpus Christi ní Texas ní ọdún 1948, kí àwọn ọmọ ogun tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò má bàa pàdánù ẹ̀tọ́ wọn. Ní New York, Antonia Pantoja dá ẹgbẹ́ Aspira sílẹ̀ ní ọdún 1961, láti mú àwọn ọ̀dọ́ Púẹ́rtò Ríkò lọ́wọ́ títí wọn yóò fi parí ilé-ìwé, tí wọn yóò sì wọ yunifásítì. Ní oṣù kẹta ọdún 1968, àwọn ọmọ ilé-ìwé fúnra wọn dìde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde kúrò ní kíláàsì ní ìlà-oòrùn Los Angeles, Sal Castro, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, sì wà lẹ́yìn wọn. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń darí àwọn sí, bí ẹni pé orí ọmọ Mẹ́síkò kò lè gba ìwé gíga.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Hostos àti Ìpọ́njú Ọdún 1976

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó là wá lóye tó ìtàn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní gúúsù Bronx, ní ìlú New York. Yunifásítì ìlú náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1847, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ dúdú àti ọmọ Púẹ́rtò Ríkò tí ń wọ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, wọ́n gba apá kan ọgbà City College, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́rí. Wọ́n ní kí iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jọ iye àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé-ìwé gíga ìlú. Ní ọdún 1970, yunifásítì náà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá ti parí ilé-ìwé gíga ní ìlú New York.

Ní ọdún 1970 yìí kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Hostos bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọwọ́ sí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1968. Orúkọ Eugenio María de Hostos ni wọ́n sọ ọ́, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé Púẹ́rtò Ríkò tí ó gbé ayé láti ọdún 1839 sí 1903. Ilé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kò ní ẹwà. Ilé-iṣẹ́ táyà ọkọ̀ ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní èdè Sípéènì, kí ó sì máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti ń lọ. Ìyálọ́mọ tí ó ti ń ránṣọ ní ilé-iṣẹ́ láti àárọ̀ lè wá jókòó ní kíláàsì ní alẹ́ kí ó sì gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ.

Kò pẹ́ tí ìjì fi jà. Ní ọdún 1975, owó tán lápò ìjọba ìlú New York, gbèsè sì wọ ìlú náà lọ́rùn. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ń wá ohun tí wọn yóò gé, wọ́n pinnu láti pa Hostos rẹ́, kí wọ́n da á pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn ará àdúgbò kò gbà. Wọ́n wọ́de ní ìgboro, wọ́n gba àwọn ilé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ wọn nínú rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1976, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ New York fi òfin dá Hostos sí. Ṣùgbọ́n ọdún yìí kan náà ni yunifásítì ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ilé-ìwé, lẹ́yìn ọdún 129 tí ó ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a sàmì sí ohun méjì níhìn-ín, nítorí pé a ó tún pàdé wọn níwájú. Èkíní, nígbà tí ìpọ́njú bá dé bá ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn tálákà ń lọ ni a máa ń kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ sí lọ́rùn. Èkejì, a lè dá ilé-ẹ̀kọ́ sí, kí a sì tún gbé iye owó tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìṣẹ́gun ọdún 1976 kò pé.

Òfin tí Ó Dá Wọn Mọ̀

Fún ìgbà pípẹ́, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ní orúkọ kankan fún irú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Àwọn yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú ní orúkọ àti ìtọ́jú tiwọn lábẹ́ òfin; àwọn tí ó kún fún ọmọ elédè Sípéènì kò ní. Ní ọdún 1986, ilé-ẹ̀kọ́ 18 kó ara wọn jọ ní San Antonio ní Texas, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa bá ìjọba sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìsapá wọn so èso ní ọdún 1992, nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ gíga dá wọn mọ̀. Ní ọdún 1995 ni owó kọ́kọ́ jáde, mílíọ̀nù 12 dọ́là, wọ́n sì yan apá kan òfin náà fún wọn ní ọdún 1998.

Ìlànà òfin náà kò ṣòro láti yé. Bí ìdá 25 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ kan bá jẹ́ ọmọ elédè Sípéènì, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ aláìní, ilé-ẹ̀kọ́ náà lè bá àwọn mìíràn díje fún owó ìdàgbàsókè. Kò gbọdọ̀ ṣú wa lójú pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ń gba owó náà, kì í ṣe ẹ̀yà kan. Bí wọ́n bá fi kọ́ ilé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tàbí tí wọ́n fi gba olùkọ́ ìṣirò sí i, gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni yóò jàǹfààní, ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dé òṣùwọ̀n yìí ti tó nǹkan bí 600.

Ọdún tí Ilẹ̀kùn Tì

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn dé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2020, Yunifásítì Ìlú New York gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrò nínú kíláàsì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bronx, tí ó ju ìdajì àwọn olùgbé rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ ọmọ elédè Sípéènì, ni ikú pọ̀ sí jù ní ìlú náà, bí a bá fi iye ènìyàn wé iye òkú. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àwọn tí ń gbá ilé ìwòsàn, tí ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, tí ń to ọjà sórí pẹpẹ, kò lè jókòó sílé ṣiṣẹ́. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gbé àrùn bọ̀ wá sínú ilé tí ìyá àgbà, òbí àti ọmọ ń gbé pọ̀.

Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà, àwọn àbúrò mẹ́ta sì ń dúró dè é. Bàbá ti pàdánù iṣẹ́. Àǹtí ń wúkọ́ ní yàrá kejì. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, àwòrán rẹ̀ ń dúró, ó ń lọ. Ṣé ọ̀lẹ ni a ó pe ẹni tí ó bá kùnà ìdánwò ní irú ipò yìí? Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2020, iye àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní gbogbo Amẹ́ríkà dín ní nǹkan bí ìdá 13 nínú 100; ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, tí àwọn ọmọ elédè Sípéènì pọ̀ sí, ó dín ní ìdá 21. Àwọn ọmọ elédè Sípéènì wà lára àwọn tí ìdínkù náà bá jù.

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera. Òfin mẹ́ta tí wọ́n ṣe láàárín oṣù kẹta ọdún 2020 àti oṣù kẹta ọdún 2021 kó nǹkan bí bílíọ̀nù 76 dọ́là fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì pàṣẹ pé kí apá púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Apá kan tún wà lọ́tọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bí irú Hostos. Ṣùgbọ́n àléébù ńlá wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ní ẹ̀tọ́ sí ìrànwọ́ owó ti ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Èyí já àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn gbé wọ Amẹ́ríkà ní kékeré láìsí ìwé àṣẹ sílẹ̀, àní àwọn tí ìlànà ọdún 2012 fún láyè láti gbé ibẹ̀ kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni òfin tuntun tó ṣí ọ̀nà fún wọn. Ebi kì í dúró de òfin. Ẹni tí ebi pa ní oṣù kẹrin ọdún 2020, kí ni oúnjẹ ọdún 2021 yóò ṣe fún un?

Ohun tí Ó Ti Ràn Wọ́n Lọ́wọ́

Bí a bá kó gbogbo ìtàn yìí jọ, ohun mẹ́ta ni a rí tí ó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ dúró.

Àkọ́kọ́ ni kí a sọ ẹrù gbèsè kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ẹni tí ó bá jẹ yunifásítì ní owó kò lè forúkọ sílẹ̀ fún sáà mìíràn. Nítorí èyí, gbèsè kékeré ọdún 2020 lè di ògiri títí ayé. Ní oṣù keje ọdún 2021, Yunifásítì Ìlú New York kéde pé òun yóò fi owó ìjọba àpapọ̀ pa gbèsè tí ó tó mílíọ̀nù 125 dọ́là rẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dín ní 50,000. Kì í ṣe ẹ̀bùn ọlọ́jọ́ kan. Ọ̀nà àtipadà wálé ni.

Èkejì ni kí ẹnì kan wà tí ó mọ akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ. Ẹ̀rí èyí ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé. Ní ọdún 2007, Yunifásítì Ìlú New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní ASAP ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì rẹ̀. Ètò náà ń san ìyókù owó ilé-ìwé, ó ń san owó ọkọ̀, ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ lórí ìwé kíkà, ó sì ń yan olùdámọ̀ràn tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí nígbà gbogbo. Àwọn olùṣèwádìí ṣẹ́ gègé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ elédè Sípéènì: wọ́n fi àwọn kan sínú ètò náà, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 40 nínú 100 àwọn tí ó wà nínú ètò ti gboyè. Nínú àwọn ìyókù, 22 péré ni. Wọ́n gbé ètò náà lọ sí Ohio, ó sì tún yọrí sí rere. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ohun àrà nínú rẹ̀: owó ọkọ̀, ìwé, àti ènìyàn kan tí yóò béèrè pé, "Kí ló dé tí n kò rí ọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Ẹ̀kẹta ni kí ilé-ẹ̀kọ́ mọ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá. Èyí ni Hostos ti mọ̀ láti ọdún 1970. Nígbà tí lẹ́tà yunifásítì bá dé ilé ní èdè tí ìyá kò lè kà, ọmọ nìkan ni yóò dá ìṣòro rẹ̀ gbé. Nígbà tí ó bá dé ní èdè tí ó yé gbogbo ilé, agbo ilé ni yóò dìde gbé ọmọ wọn lárugẹ.

Àríyànjiyàn tí Ó Wà Nílẹ̀

Nígbà tí ó fi di ọdún 2023 àti 2024, iye àwọn ọmọ elédè Sípéènì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tún ti ń gòkè. A rò pé ìtàn yìí yóò parí sí ayọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tún wọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Tennessee àti ẹgbẹ́ kan gbé òfin ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí lọ sí kóòtù, wọ́n ní ó lòdì sí òfin ilẹ̀ láti fi iye ẹ̀yà kan ṣe òṣùwọ̀n owó ìjọba. Ní oṣù keje, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ sọ pé òun kò ní gbèjà òfin náà. Ní oṣù kẹsàn-án, iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ kéde pé òun yóò dá apá púpọ̀ nínú owó náà dúró.

Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó pe ẹjọ́ yìí. Wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó kún fún tálákà, ṣùgbọ́n tí ọmọ elédè Sípéènì ibẹ̀ kò tó ìdá 25, kò yẹ kí ó pàdánù nítorí èyí. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo, nítorí pé ìṣẹ́ kò mọ ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, bí omi kò bá tó gbogbo ilé, kànga mìíràn ni a ń gbẹ́. A kì í di èyí tí àwọn kan ti ń mu. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ 18 tí ó pàdé ní San Antonio kò bá ẹnikẹ́ni du ohun tirẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ibi tí wọ́n ti ti àwọn ọmọ kan sẹ́yìn fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ibẹ̀ ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ìparí Ọ̀rọ̀

Ohun tí ìtàn fi hàn wá nìyí. Kò sí ìgbà kan tí ilẹ̀kùn yunifásítì ṣí fún àwọn ọmọ elédè Sípéènì láìjẹ́ pé ẹnì kan kàn án: ìdílé Mendez kàn án ní 1946, àwọn ọmọ ilé-ìwé Los Angeles kàn án ní 1968, àwọn ará Hostos kàn án ní 1976. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ìgbà tí ó ṣí tí kò tún sí ìpọ́njú kan, ìbáà jẹ́ ti owó tàbí ti àrùn, tí ó fẹ́ tì í padà. Àjàkálẹ̀-àrùn kọ́ ni ó dá àìdọ́gba sílẹ̀. Ó kàn ṣí aṣọ lójú ohun tí ó ti wà níbẹ̀ ni.

Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè baba wa ní yunifásítì ní láti fi èyí ṣe àríkọ́gbọ́n. Nílé wa náà, àrùn ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan sì wà tí a kò rí mọ́ láti ìgbà náà. Ta ni ó ka iye wọn? Ta ni ó kọ lẹ́tà sí ìyá wọn ní èdè tí ó yé e? Ẹni tí ó ṣubú lójú ọ̀nà kò nílò kí a máa sọ fún un pé ọ̀nà ti dára báyìí. Ọwọ́ ni ó nílò. Ìgbà tí a bá sì fà á dìde, tí òun náà tún jókòó sí kíláàsì, ni a tó lè sọ pé àrùn náà ti lọ.